Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Lé Lórí Káàdì

Aṣọ ọmọ ni mo ń tà lọ́jà Ìkọ̀tún nígbà náà. Òkìríkà ni: fìlà kéékèèké, ìbọ̀sẹ̀ tí kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbà lọ, ẹ̀wù tí ọmọ òyìnbó kan ti bì sí kó tó di tiwa. Ẹni tó bá ń ta irú ọjà yìí á mọ ikùn wò. Aláboyún kì í ra aṣọ ọmọ sílẹ̀, èèwọ̀ ni. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti dé iwájú ìsọ̀ mi, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú wọn á ti rí èyí tí wọ́n fẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ wọn á dé. "Ẹ bá mi gbé aláwọ̀ ewé yẹn pamọ́ o. Kì í ṣe fún ẹnì kankan." Èmi náà á ní kì í ṣe fún ẹnì kankan. Àpò kan wà lábẹ́ tábìlì mi tó kún fún ẹrù tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Mo lè wo obìnrin láti ẹ̀yìn kí n sọ pé oṣù mẹ́rin ni, tàbí mẹ́fà, tàbí pé ẹ̀bà lásán ni.

Ẹ wá wo ayé. Oyún tèmi gan-an ni wọ́n kà mọ́ mi lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lé mi kúrò nílé ọkọ.

Ọkọ mi ń wa katapílà fún àwọn tó ń la títì lókè Ọya. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni ojú wa kò fi kanra. Yàrá kan la gbà n'Ígàńdò, nínú ilé tí ilẹ̀kùn ń wo ilẹ̀kùn, yàrá márùn-ún lápá kan, márùn-ún lápá kejì. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìkàrẹ́ láti máa bá mi gbé. Ó ní kí n má baà dá wà. Èmi tí mo ń pariwo mọ́ ènìyàn lọ́jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá rí ibi tí mo ti lè dá wà, ṣé mi ò ní dúpẹ́ ni? Mo mọ̀ pé ṣíṣọ́ ló wá ṣọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nílé ọmọ rẹ̀ láìbímọ, mi ò sì lè ní kó má ṣọ́ ohun tí ó ń retí.

Obìnrin náà fẹ́ràn kíkà. Ó ń ka ẹja inú ọbẹ̀, ó ń ka igi ìṣáná, ó ń ka iye ìgbà tí mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ààwẹ̀ ọdún náà, ó ṣe sàráà fún ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ààfáà dé, àwọn ará àdúgbò dé, wọ́n tò fún ìrun Alaasárì ní iwájú ilé. Èmi wà lẹ́yìn ilé nídìí sítóòfù, mo ń dín mọ́sà tí wọ́n máa fi ṣínu, mo sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi yọ sí mi bí ẹní yọ sí olè.

"Ìwọ yìí, ṣé o ò gbààwẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ìyá, mi ò sí lórí ìrun." Bí obìnrin Mùsùlùmí ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, tí kò lè kírun, tí kò sì lè gbààwẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Òní yìí ni."

"Ọjọ́ mélòó ló máa ń ṣe?"

"Márùn-ún."

"O jẹ ààwẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Kó o tètè san án, má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀." Ó ń lọ, ó tún yíjú padà. "Kó o sì fi mọ́sà yẹn sílẹ̀ fún àwọn àlejò."

Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Kò tíì gbéyàwó, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, aṣọ rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó, nítorí náà òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà sí ọkọ mi. Lẹ́nu ọ̀nà ni o, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ìyá ọkọ mi á sì jókòó sáàárín wa bí òkúta ààlà. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí tíṣà kọ ojú ewé méjì. Mi ò bi í léèrè ohun tó ń fi kún un. Mo rò pé bí gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń gùn nìyẹn.

Ọkọ mi ní òun máa wá bá wa ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ọdún dé, kò dé. Ọjọ́ kejì, mo jẹ ẹran tirẹ̀. Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Ọkọ̀ ti já a sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà ní ìdájí, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Àwọn agbófinró dá a dúró ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n fún un ní ṣọ́bìrì, wọ́n ní kó máa kó gọ́tà. Nígbà tó wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá kí i tí wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí ọkọ mi dé.

Kò padà sókè Ọya mọ́, iṣẹ́ ti tán níbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àlejò oṣooṣù mi kò dé.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Oyún tó wà ní oṣù méjì, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Mo ń bì, mo ní ibà ni. Ìyá ọkọ mi ní, "Ibà wo ló mọ aago báyìí? Àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é." Òórùn àwọn aṣọ tí mo ń tà, tí n kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀, wá ń lé mi kúrò nídìí ọjà ara mi.

Bó ṣe wọ oṣù kẹrin, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan pa iná ẹ̀. Èébì lọ. Ebi wá dé, ebi tó ń fi orúkọ pe oúnjẹ. Mo lè wà nídìí ọjà kí ọkàn mi sọ pé, "Iṣu sísun, epo pupa, iyọ̀ díẹ̀," kó má sì gba nǹkan mìíràn. Ìró kò gún mọ́ ní ìbàdí, òkè ikùn ni mo ń so ó sí. Àwọn nǹkan mìíràn wá ń ṣẹlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ wọn fún mi. Ìlà dúdú kan yọ láti ìdodo mi lọ sí ìsàlẹ̀, ó tọ́ bí èyí tí télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fà nígbà tó bá fẹ́ gé aṣọ. Mo wo ìlà yẹn nínú balùwẹ̀ títí. Ta ló fẹ́ gé mi? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dúdú lápá méjèèjì. Orí ọmú mi dú bí ìdí ìkòkò. Imú mi dí bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀fìnkìn. Àyà ń ta mí tí mo bá jẹun tán. Irun mi nìkan ló ṣe mí lóore, ó kún dẹ́ńdẹ́ tí onídìrí fi ń kùn.

Nígbà tí mo bá run orín lárọ̀ọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde láti eyín mi. Mo fura sí orín náà, nítorí ìyá ọkọ mi ló rà á. Mo jù ú nù, mo lọ ra tèmi ní Ìkọ̀tún, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde. Mo wá fura sí obìnrin Ìkọ̀tún náà pẹ̀lú.

Nọ́ọ̀sì ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọba ni mo ti lọ gba káàdì. Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwa aláboyún. A ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, a ó kọrin, a ó mi ìdí tí a kò fẹ́ mì, kí wọ́n tó yẹ̀ wá wò. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ àgbàlagbà, ó sanra, kì í rẹ́rìn-ín, èmi sì ń rẹ́rìn-ín sí i ṣáá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ara mi ti pọ̀ sí i nítorí pé ẹni méjì ló ń lò ó, ìyẹn ló fi ń yọ ní eyín, ìyẹn náà ló dí mi nímú. Ó ní ìlà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kankan, á ṣá lọ tí mo bá bímọ. Ó ní ọmọ náà ti ń ní èékánná, irun tín-ín-tìn-ín bò ó lára, ó ń gbé omi mì, ó ń sùn, ó ń jí, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa gbọ́ ohùn.

Mo ní, "Ohùn ta ni, mà?"

"Ohùn tìrẹ. Àti ti àwọn ará ilé rẹ."

Láti ọjọ́ náà, tí ìyá ọkọ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́yìn, màá fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn mi.

Ọlẹ̀ sọ nínú mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan nídìí ìsọ̀. Èmi àti oníbàárà kan ń ná fìlà kan ní ìnákúná. Mo ti ń bu ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tíì mọ̀. Lójijì, nǹkan kan ta pẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ ìdodo mi, bí ìrù ẹja kékeré nínú garawa. Mo dákẹ́. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni, nítorí mo ti jẹ ẹ̀wà. Ó tún ta. Oníbàárà rí i pé mo dákẹ́, ó ju owó tó wù ú sílẹ̀, ó gbé fìlà lọ. Òun nìkan ló jèrè ọjọ́ náà.

Ìyá ọkọ mi ti wà lẹ́yìn mi, ó gbé oúnjẹ wá fún mi.

"Ó ti sọ?"

"Kí ló sọ, Ìyá?"

"Má ṣe mí bí ọmọdé. Mo rí ojú ẹ." Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìka. "Àkọ́bí kì í tètè sọ. Ọmọ mi yìí, ó wọ oṣù karùn-ún dáadáa kó tó sọ nínú mi."

"Bóyá tèmi yá ju tiyín lọ ni."

Mo rò pé àwàdà ni mo ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ikùn mi bí ó ṣe máa ń wo ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹja rẹ̀ kò pé.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì fi téèpù bíi ti télọ̀ wọn ikùn mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ní ilé ọmọ ti dé ìdodo, bó ṣe yẹ kó rí. Ó kọ nǹkan sórí káàdì. Mo mú káàdì délé, mo fi lé orí tábìlì, mo lọ bọ́ bàtà nítorí ẹsẹ̀ mi ti wú. Nígbà tí mo padà wọlé, ọkọ mi dúró níwájú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó mú bírò lọ́wọ́, ó ń fi tọ́ka sí Sátidé kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

"Ogún ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo ti dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Bí mo ṣe rí nìyẹn, nǹkan kì í le kó má pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lé, àbí? Bóyá nínú lẹ́tà lẹ fi ránṣẹ́." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́n kì í sọ irú ẹ̀. Ó ká káàdì, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ẹ ṣé," ló wí.

Ọkọ mi fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí. Ọjọ́ tó fẹ́ mi ló ti ń pè mí ní "ìwọ", èmi ń pè é ní "ẹ̀yin". Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ìyálójà sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi bu omi." "Ẹ má ṣèyọnu." Ì bá sàn kó gbá mi létí. Ọ̀wọ̀ tí ọkọ bá dédé fún ìyàwó, ẹrù ni kí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Ilé kékeré ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé ògiri kejì. Kò sí ẹni tó dárúkọ tíṣà, ṣùgbọ́n tíṣà fúnra rẹ̀ ti gbọ́ orúkọ tí wọn kò dá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Tó bá wà nílé, á máa kọ orin ìsìn sókè kí gbogbo ilé lè mọ ibi tó wà. Tí mo bá kí i, á dáhùn láì gbójú sókè, á sì fi ìwé bo àyà. Ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo wò ó títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Mo fura sí gbogbo wọn. Mo ní nọ́ọ̀sì ti gbé káàdì ẹlòmíràn fún mi. Mo ní ìyá ọkọ mi ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí. Mo fura sí kàlẹ́ńdà, torí pé ilé búrẹ́dì ló fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo jókòó sídìí ìsọ̀, mo ń rò ó bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí mi tí èmi fúnra mi kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà ń ta pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́. Mo ní, "Ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Sọ̀rọ̀."

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Alaasárì, wọ́n pè mí jókòó. Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi wà lórí àga, èmi wà lórí àpótí, ikùn mi wà níwájú mi bí ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ìyá ní, "Àwa kò pariwo. Ọmọ tí a kò mọ ìgbà tó dé, a kì í sọ ọ́ lórúkọ nílé wa. Kó o máa lọ bá bàbá ẹ títí wàá fi bí i. Tó bá bọ́ sí oṣù tiwa, a ó wá gbé yín. Tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kó o máa bá tirẹ̀ lọ."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà pé láti ìgbà tí mo ti lọ, oṣùpá Ìgàńdò kò mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Mo ní ta ló kọ́ ìyàwó mi ní irú ọ̀rọ̀ báyìí?"

"Èmi? Mo ní kó sọ fún yín pé kẹrosíìn ti gbówó lórí ni."

Mo gbọ́ tí orin ìsìn dákẹ́ lójú kan náà ní yàrá kejì. Ìyá ọkọ mi ló jókòó sáàárín wa ní gbogbo ìgbà tí a ń kọ lẹ́tà náà. Kò mọ̀wé kà, ó sì rò pé òun ti ṣọ́ wa tán.

Mo ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ogún yẹn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lọ lọ́jọ́rú. Tí nọ́ọ̀sì bá ní ọmọ yìí ti wà níkùn mi kí ẹ̀yin tó kó gọ́tà l'Ẹ́gbẹ́dá, láti ibẹ̀ ni màá ti máa lọ, mi ò ní padà wá gbé ìró."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Àwọn aláboyún ń pàtẹ́wọ́, ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun nìkan lọ́kùnrin, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó wọ balùwẹ̀ obìnrin. Ìyá fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì gba káàdì, ó gbọ́ ẹjọ́ ọkọ mi, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa ń mọ ọjọ́ tí irúgbìn sọ nínú ilẹ̀ tí ẹ kò rí? Àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo ayé ló ń kà á bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà náà kí oyún tó dúró. Òfìfo ni à ń kà ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọmọ kò tíì sí níbẹ̀." Ó fi ìka tẹ káàdì. "Ọjọ́ tí ìyàwó yín sọ fún mi nìyí. Ọjọ́ wo lẹ dé?"

Ó sọ fún un. Nọ́ọ̀sì wo kàlẹ́ńdà tirẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín wọn. Kí lẹ wá ń jà sí?"

Mo ti ń dìde. Ọkọ mi kò kúrò lójú kan.

"Ẹ má bínú, mà. Ta ló sọ ọjọ́ nǹkan oṣù yẹn fún yín?"

"Ìyàwó yín."

"Ẹnu rẹ̀ nìkan?"

"Ọ̀gá, nǹkan oṣù kì í mú ẹlẹ́rìí wá."

Gbogbo rẹ̀ padà sórí ẹnu mi, ẹnu tí gbogbo Ìkọ̀tún mọ̀ pé ó lè sọ òkìríkà di tuntun. Mo yíjú, mo wo ìyá ọkọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí tẹ̀sùbáà. Mo rí i tí ìrántí wọ inú ojú rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń rí iná tí wọ́n tàn nínú yàrá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń yí ìlẹ̀kẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ẹnu rẹ̀ sì pa dé.

Mo lè sọ̀rọ̀. Mo lè ní, "Ìyá, ẹ rántí mọ́sà." Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi náà ni, wọ́n á ní mo fi sí i lẹ́nu. Mo sì ti pẹ́ nídìí ọjà. Nígbà tí ojú oníbàárà bá ti balẹ̀ sórí aṣọ, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló bà á jẹ́. Mo dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá ní, "Ọjọ́ wo lo sọ fún wọn?"

"Kẹẹ̀ẹ́dógún ààwẹ̀."

"Ọjọ́ sàráà bàbá wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀. "Mo bá a nídìí sítóòfù, ó ń jẹ mọ́sà. Kò kírun. Ó ní ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ààwẹ̀ márùn-ún, kò sì tíì san ọ̀kan." Ó tẹ ìka díẹ̀. "Láti ọjọ́ sàráà sí ọjọ́ tí ọmọ mi dé, ìtàdógún kan ni. Ó pé."

Mo ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń dùn ún. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbà mí là, ó kàn jẹ́ pé kò lè gbà kí ẹnì kan ṣi iye kà níwájú òun.

Nọ́ọ̀sì tún wọ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọmọ lé ikùn mi, èyí tó dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ó sì fi ọwọ́ pe ọkọ mi. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé e. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Ó ń sáré," ló wí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ọkọ mi wò mí. "Dìde," ló ní. "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mi ò mọ̀ pé inú ènìyàn lè dùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Kò bẹ̀ mí, títí di òní kò bẹ̀ mí. Ó ra àgbàdo sísun mẹ́ta lójú ọ̀nà, ó fún mi ní méjì. Tíṣà kò kọ lẹ́tà fún ẹnì kankan mọ́ nínú ilé náà, ó ní ojú ń dun òun. Ọmọ náà sì dé ní ọ̀sẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ní yóò dé, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ nílé wọn, wọ́n pa àgbò.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ti síwájú, ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ààwẹ̀ márùn-ún yẹn o."

"Ìyá, pẹ̀lú oyún?"

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kó o má gbàgbé ni." Ó na ọwọ́, ó fi lé ikùn mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ náà ta pẹ́ẹ́. Kò yọwọ́.

Èmi náà kò yẹ̀ ẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlá ló yí kó tó lanu níwájú nọ́ọ̀sì. Mo kà á. Ní ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti rántí, mo rí i lójú rẹ̀. Mẹ́wàá tó kù, mo ti ń wá ohun tó fi wọ́n ṣe láti ọjọ́ náà, mi ò sì tíì rí i.